Káfíńtà Tó Ń Dúró Kí Ẹyin Rọ̀

Ohun tí àdúgbò kọ́kọ́ máa ń rántí nípa olóògbé Káfíńtà ni ọjọ́ tó se ẹyin láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí. Ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú nígbà náà, kò sì sẹ́ni tó ń dáná nílé mọ́. Ó gbé ẹyin kaná, ó ń fi orí ìṣó tẹ̀ ẹ́ wò, ó ń bu omi kún un, ó ń koná mọ́ ọn. Ìgbà tí ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ yọjú, aránṣọ kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ, ó bi í pé kí ló ń sè láti àárọ̀.

“Ẹyin ni, Ẹ̀gbọ́n. Iṣu ń rọ̀, ẹ̀wà ń rọ̀, ẹran pàápàá ń gbà fún iná. Eléyìí ló ń le sí i.”

“Ẹyin kì í ṣe ẹ̀wà. Ìgbà tó bá le ló jinná.”

Káfíńtà tẹjú mọ́ ìkòkò náà títí. Ó ní a jẹ́ pé ẹni tó ti gbà tipẹ́ lòun ṣì ń bẹ̀.

Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n ohun tó gbé Káfíńtà dé ìdí iná kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí ìyàwó rẹ̀ bí fún un ti kọ oúnjẹ. Bí aládùúgbò bá gbé oúnjẹ wá, ọmọ náà á tọ́ ọ wò, á ti àwo sẹ́yìn, á ní kì í ṣe ti ìyá òun. Egungun àyà rẹ̀ ti ń hàn lábẹ́ aṣọ. Ni Káfíńtà bá gbé ayùn sílẹ̀, ó ní kí Ẹ̀gbọ́n wá kọ́ òun.

Ẹ̀gbọ́n ní iyọ̀ díẹ̀ ní í mú ọbẹ̀ dùn. Káfíńtà gbé e yẹ̀ wò lọ́nà ti iṣẹ́ tirẹ̀: bí ìṣó kan bá di pákó mú, ìṣó púpọ̀ á dì í mú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó da ẹ̀kúnwọ́ iyọ̀ sí i. Nígbà tí ẹnu ò gbà á, ó bu omi sí i, ọbẹ̀ ṣàn. Ó gé tòmátì sí i kó lè ki, ìkòkò kún. Ó dà á sí ìkòkò méjì, méjèèjì sì korò fún iyọ̀. Ẹ̀gbọ́n ní ìṣó tó bá ṣìnà, èèyàn lè fà á yọ, ṣùgbọ́n iyọ̀ tó bá ti wọ ọbẹ̀ ti wọlé ọkọ nìyẹn, kò tún padà sílé bàbá rẹ̀.

Káfíńtà ò tíì mọ oúnjẹ sè tán tó fi di olùkọ́. Onígbàjámọ̀, àpọ́n tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, bi í pé báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ pé òróró ti gbóná tó. Káfíńtà ní kó ju ègé àlùbọ́sà kan sí i. Bó bá kọrin, kó da ìyókù sí i. Bó bá dákẹ́, kí òun náà dákẹ́.

Nígbà tó yá, ó se ẹ̀wà. Ó ṣà á, kò fi iyọ̀ sí i títí ó fi rọ̀, ó sì dín ata rẹ̀ títí omi inú rẹ̀ fi gbẹ. Ọmọ náà tọ́ ọ wò, ó ti àwo sẹ́yìn. Káfíńtà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ilé ìdáná, ó bi Ẹ̀gbọ́n pé kí ló kù.

Ẹ̀gbọ́n tọ́ ẹ̀wà náà wò. “Kò sí ohun tó kù. Àbúrò mi kàn máa ń gbàgbé ìkòkò lórí iná ni. Gbogbo ẹ̀wà rẹ̀ ló máa ń jó nídìí.”

Káfíńtà fọwọ́ lérán. Ohun tó ń bá ìyàwó rẹ̀ jà sí láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì, ó tún ẹ̀wà sè, ó káwọ́ gbera, ó ń wò ó títí òórùn jíjó fi gba ilé. Ọmọ náà fẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde láti inú yàrá. Ó jẹun, ó fi ìka nu àwo. Káfíńtà bọ́ sẹ́yìnkùlé, ó kọjú sí ògiri. Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n tọ̀ ọ́ lọ, ó ní èéfín ló kó sí òun lójú.

Ọmọ náà dàgbà, ó di nọ́ọ̀sì. Nígbà tí àìsàn dá bàbá rẹ̀ dùbúlẹ̀, òun ló ń se ọbẹ̀ fún un. Bàbá ò lè gbé ṣíbí mọ́, síbẹ̀ kò yéé sọ pé ata náà ì bá tún pẹ́ díẹ̀ sí i lórí iná. Ọjọ́ tí kò rí nǹkan kan wí sí ọbẹ̀ lọmọ náà mọ̀ pé ó ti ń lọ.

Wọ́n sin ín. Èrò tú ká. Ọmọ rẹ̀ jókòó nínú ilé, kò fẹnu kan oúnjẹ kankan. Nírọ̀lẹ́, Onígbàjámọ̀ tó ti darúgbó kanlẹ̀kùn, ó gbé àwo kan dání.

“Bàbá rẹ ní bí òun bá lọ, mi ò gbọdọ̀ jẹ́ kí ebi pa ọ́. Èmi ni mo sè é.”

Ìrẹsì ni. Apá kan ti di ẹ̀kọ, apá kejì ń dún lẹ́nu bí òkúta wẹ́wẹ́. Ó ń jẹ ẹ́, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ẹkún sì tẹ̀ lé e. Bàbá arúgbó náà bu omi fún un, ó jókòó tì í títí àwo fi mọ́, ó wá rọra bi í bóyá ó dùn.

“Ó dùn, Bàbá. Ẹ ṣé.”

Bàbá náà mọ̀ pé irọ́ ni. Ó gbé àwo rẹ̀, ó ní òun á tún sè é wá lọ́la.