Ẹ̀dínwó Oúnjẹ Ọ̀sán

Ọkọ mi kì í pe owó iṣẹ́ bí àwọn káfíńtà yòókù ní Ifọ̀. Tí wọ́n bá pè é síbi òrùlé, á ka pákó, á ka páànù àti ìṣó, á sọ iye tí wọ́n ń tà wọ́n, á sọ iye ọjọ́ tí iṣẹ́ máa gbà, á wá sọ èrè tó fi lé e, lójú oníbàárà gbangba! Èmi tí mo ń ta àwo lọ́jà mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń gba iye tí ọlọ́jà kọ́kọ́ pè. Ìdajì ni àwọn oníbàárà máa ń fi lọ ọkọ mi, á kọ̀ ọ́, á sì kó irinṣẹ́ rẹ̀ padà sílé.

Lọ́dún kan, ṣáájú òmìnira, iṣẹ́ wọ́n gan-an. Ó ní bí òun kò bá ríṣẹ́ kí òjò tó dé, òun á wọ reluwé lọ ṣiṣẹ́ ojúmọ́ l'Ékòó. Oyún wà nínú mi. Ẹ̀rù bà mí, n kò ní purọ́.

Ìgbà náà ni bàbá olóbì kan, Àláájì tó ń kọ́lé lẹ́bàá ibùdókọ̀ reluwé, ránṣẹ́ sí i. Mo tẹ̀ lé e lọ. Ọkọ mi ka gbogbo rẹ̀ tán, bàbá rẹ́rìn-ín.

"Gba ìdajì, jàre."

"Ẹ má bínú, bàbá. Kò síbi tí mo fẹ́ gé níbẹ̀."

Ọkọ mi ti ń ká rúlà rẹ̀ láti máa lọ. Mo yáa kúnlẹ̀.

"Bàbá wa, ẹ jẹ́ kówó dúró bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ ọ̀sán tí onílé máa ń fún oníṣẹ́, ẹ má fún un. Èmi á máa gbé tirẹ̀ wá. Ẹ̀dínwó yín nìyẹn."

Inú bàbá dùn pé òun rí nǹkan gé. Ó gbà.

Ẹnu lásán ni mo fi sọ ọ́ o! Onílé wo ló máa jẹun kí oníṣẹ́ máa wò ó lẹ́nu? Lóòótọ́, lọ́sàn-án ọjọ́ kìíní, ìyàwó bàbá gbé iyán jáde. Ọkọ mi dúpẹ́, ó ní òun ti fi ṣe ẹ̀dínwó. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń gbé e wá, lójoojúmọ́ ló ń dá a padà. Èmi olóyún ni mo ń ru ẹ̀bà gba inú oòrùn lọ, tí mo ń bú u lọ́nà. Alágídí ọkùnrin!

Ọjọ́ tí wọ́n kan páànù tó kẹ́yìn, bàbá ní kó wá pe owó ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Ọkọ mi tún kà á bó ṣe máa ń kà á. Mo ti múra àtikúnlẹ̀, ṣùgbọ́n bàbá kò ná an rárá.

"Mo gbà bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ ńkọ́?"

Ọkọ mi wò mí, ó wo ikùn mi.

"Ti eléyìí, bàbá, màá jẹun."

Mo jókòó sórí pákó, mo sunkún. Ọkọ mi kò lọ sí Èkó mọ́.