Ọkùnrin Oníkẹ̀kẹ́ Tó Pè Mí Ní Bàbá

Aago méjì ọ̀sán ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, lọ́jọ́ Jímọ̀. Àwa mẹ́ta la wà lójú ọ̀nà Djébonoua sí Bouaké: èmi, Siaka tó ń wa takisí, àti Akissi, obìnrin Baoulé tó ń ta iṣu. Mo ń sọ ọ́ báyìí kí ẹ lè mọ̀ pé oorun kò kùn mí, oòrùn sì wà lókè gangan. N kì í mutí. N kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ pàápàá. Ohun tí mo bá fi ojú mi rí nìkan ni mo máa ń sọ.

Iṣu ni mo lọ rà ní Djébonoua. Lọ́jọ́ kejì la fẹ́ ṣe àdúrà ọdún kan tí bàbá mi kú. Risikatu, ọmọ mi obìnrin, ti ń bọ̀ láti Abidjan pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn àdúrà, èmi náà máa bá wọn lọ. Ìyàwó mi ti ṣáájú Bàbá lọ. Èmi nìkan ló kù nínú ilé wa ní Dougouba, àdúgbò kan ní Bouaké. Mo ti di ẹrù. Mo ti rí ẹni tó máa gba ṣọ́ọ̀bù Bàbá lọ́jà. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lápò mi lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀. Ká sọ tòótọ́, mo fẹ́ kí Bàbá gbà mí láyè, òkú kì í sì í gbani láyè.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tó jẹ́ fún yín. Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti wá, kò tíì hu irùngbọ̀n. Ìkòkò irin ló ń tà. Á so wọ́n mọ́ kẹ̀kẹ́ títí kẹ̀kẹ́ ò fi ní hàn mọ́, á sì máa tì í láti abúlé dé abúlé. Kò tíì ní ṣọ́ọ̀bù nígbà náà. Bí obìnrin kan bá fẹ́ rà, Bàbá á fi oríkèé ìka kan ìkòkò náà: kan, kan. Á dẹtí. Bí kò bá sán, á ní, "Ó pé."

Nígbà tó di bàbá àgbà, iwájú orí àwọn ọmọ mi ló wá ń kàn. Bí wọ́n bá ti ilé ìwé dé, á fi oríkèé ìka kàn wọ́n jẹ́jẹ́, á dẹtí, á ní, "Ó pé." Wọ́n á sì bú sẹ́rìn-ín. Faransé ni wọ́n ń sọ láàárín ara wọn, Yorùbá wọn kò pọ̀, ṣùgbọ́n èyí yé wọn.

Ìtàn kan wà tí kì í yé sọ fún wọn. Ó ní lọ́dún àkọ́kọ́ tí òun dé, òun ti fẹ́ padà sílé. Òun wá bá bàbá ará ilé kan pàdé lójú ọ̀nà, òun sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá kóun padà. "Dúró," ni bàbá náà wí.

"Mo tún bi í ní ohun kan," Bàbá á ní, "kò dá mi lóhùn. Ẹkún ló ń sun."

Ó wá bàbá náà títí láàárín àwa Yorùbá, tí wọ́n ń pè ní Anango níbí, kó lè dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ọ́n.

Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

A kò tíì jìnnà sí Djébonoua tí táyà takisí fi bẹ́. Siaka wọ abẹ́ ọkọ̀, ó ń ṣépè ní èdè Dioula. Akissi jókòó ti iṣu rẹ̀, ó fi aṣọ bojú. Èmi rìn lọ sábẹ́ igi kajú kan. Atẹ́gùn kò fẹ́. Ẹyẹ kò ké. Ọkọ̀ kankan kò kọjá, lójú ọ̀nà tí ọkọ̀ kì í dá.

Mo wá gbọ́ ọ lẹ́yìn mi. Kan, kan.

N kò kọ́kọ́ yíjú. Ẹ gbà mí gbọ́, mo mọ ìró yẹn ju ohùn ara mi lọ.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni, ó ń ti kẹ̀kẹ́ tí ìkòkò bò mọ́lẹ̀. Eruku ti sọ ẹsẹ̀ rẹ̀ di funfun. Ilà ìbàmú dábùú imú rẹ̀. Èékánná àtàǹpàkò ọwọ́ òsì rẹ̀ là sí méjì, bí mo ṣe mọ̀ ọ́n títí a fi wẹ òkú rẹ̀. Bàbá mi ni mò ń wò. Ó sì kéré sí ọmọ mi.

Àwọn àgbà ní bí o bá bá òkú pàdé lójú ọ̀nà, má pe orúkọ rẹ̀. Bó bá ti gbọ́ ọ, ó lọ nìyẹn. Mo pa ẹnu mọ́ orúkọ náà.

Ó dọ̀bálẹ̀ sínú eruku. Fún èmi.

"Ẹ kú ọ̀sán o, bàbá. Fìlà yín ni mo rí, mo ní ará ilé rèé."

"O kú ọ̀nà," mo ní.

"Ẹ má bínú. N ò lè bi àwọn tá a jọ wá, wọ́n á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. N ò gbọ́ èdè àwọn ará ibí. Bí mo bá ń bọ̀, àwọn ọmọdé á máa pariwo, 'Anango! Anango oníkòkò!' Ilé ń wù mí." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ níbí, kí n padà ni, àbí kí n dúró?"

"Padà" ti wà lẹ́nu mi. Mo rántí ilé tó kọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ tí kò gbé inú rẹ̀. Mo rántí ibojì rẹ̀ níbí, jìnnà réré sí ti ìyá rẹ̀. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló fi ń sọ pé ọdún tó ń bọ̀ lòun ń lọ sílé. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Ọmọ kékeré ni.

Ṣùgbọ́n mo tún rí iwájú orí Risikatu, àti ìka tó ń kàn án.

"Dúró," mo ní.

Ó dìde, ó gbọn eruku nù, ó wò mí lójú.

"Títí dìgbà wo, bàbá?"

Ó dẹtí sí mi, bí ẹni tó dẹtí sí ìkòkò. Ó wá ní ó dàbọ̀, ó ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kọjá. Mo ṣì ń gbọ́ ìkòkò tó ń kan ara wọn lẹ́yìn tí n kò rí i mọ́.

"Tonton!" Siaka ni; bí wọ́n ṣe ń pe àgbà níbí nìyẹn. "Ta lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀? Kí ló ń pa yín lẹ́kún?"

Mo fọwọ́ kan ojú mi. Ó tutù. Ìgbà náà ni mo tó mọ bàbá tí Bàbá wá títí tí kò rí.

"O ò rí oníkẹ̀kẹ́ kan?" mo bi í.

"Kẹ̀kẹ́ wo? Oòrùn ti pa yín, Tonton. Ẹ wọkọ̀ ká lọ."

Ṣùgbọ́n nígbà tá a dé Bouaké, tí Akissi ń bá mi sọ iṣu kalẹ̀, ó súnmọ́ etí mi. "Oníkòkò yẹn dà?"

Mo gbé iṣu mi, mo kọrí sílé.

Bí ẹ bá ń gba ọ̀nà yẹn lọ́sàn-án gangan, tí àjèjì kékeré kan bi yín bóyá kóun dúró tàbí kóun padà, ẹ má yára fèsì. Títí di òní, n kò mọ̀ bóyá òun ni mo fún lésì àbí ara mi.

Lọ́jọ́ kejì, kí àwọn àlùfáà tó dé, mo tú ẹrù mi. Risikatu dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó ń wò mí.

"Papa, ṣé ẹ ò bá wa lọ mọ́ ni?"

"N kò tíì mọ̀."

Mo mú kọ́kọ́rọ́, mo lọ sọ́jà, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ọjà kò tíì kún. Mo gbé ìkòkò kan lé orúnkún, mo fi oríkèé ìka kàn án. Kan, kan.

Mo dẹtí. Mò ń retí kí ẹnì kan sọ pé ó pé.