Ọ̀dà Pupa Lára Òkúta Áténì

Ẹni tó bá ti gbé Okokomáíkò rí, kò sẹ́ni tí yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ ọ ní ohun tí ọ̀dà pupa lára ilé túmọ̀ sí. Bí o bá jí láàárọ̀ tí o bá a lára ilé ẹ, wọ́n ti dájọ́ ilé náà nìyẹn. Ohun kan ṣoṣo tí àwọn aládùúgbò máa ń béèrè ni pé, "Ìgbà wo ni wọ́n fẹ́ wó o?" Ìbéèrè yẹn ni mo gbé dé orí òkè kan ní Áténì, ní ilẹ̀ Gíríìsì, tí mo sì fi dójú ti ara mi níwájú ogunlọ́gọ̀ àlejò. Mi ò kábàámọ̀ ẹ̀. Ká ní mi ò béèrè ni, ilé bàbá mi ì bá ti di ìtàn.

Káfíńtà ni mí. Bàbá mi ló kọ́ mi níṣẹ́, wọn ò sì fọwọ́ jẹ́jẹ́ kọ́ mi. Bí mo bá kan ìṣó mẹ́ta síbi tí ẹyọ kan tó, wọ́n á ní kí n yọ méjì, kí n sì nà wọ́n tọ́ kí n tó jẹun. Wọ́n ní káfíńtà tí kò mọṣẹ́ ló ń fi ìṣó bo àṣìṣe mọ́lẹ̀. Tiwọn ni pé kí wọ́n dá ihò sára igi kan, kí wọ́n gbẹ́ ẹnu igi kejì kó wọ inú ihò náà ṣinṣin, kí ìṣó má fẹ́rẹ̀ẹ́ níṣẹ́ tó máa ṣe mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ ilé wa lẹ́yìn títì Okokomáíkò, níbi tí ilẹ̀ ti ń dà sí àbàtà: ìpìlẹ̀ síméńtì, pákó lókè, páànù lórí. Àwọn aládùúgbò tó ń fi búlọ́ọ̀kù kọ́lé a máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé inú àpótí ọṣẹ là ń gbé. Bàbá mi á ní, "Ẹ jẹ́ kí òjò dé, ká wá wo ilé ta ni yóò jò."

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, lẹ́yìn tí bàbá mi ti kú, mo ríṣẹ́ sínú ọkọ̀ ojú omi ńlá kan tó ń gbé àwọn olówó gba fàájì láti èbúté dé èbúté. Ilẹ̀kùn yàrá tí kò bá pa dé, àga tí ẹsẹ̀ ẹ̀ bá yẹ̀, èmi ni wọ́n ń pè. Òyìnbó tó jẹ́ ọ̀gá mi kọ́kọ́ fẹ́ máa kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń di ayùn mú. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, òun ló ń wá bi mí léèrè. Mi ò fọ́nnu o, bó ṣe rí ni mo ń sọ.

Kí n tó lọ, màámi bi mí àwọn ìlú tí ọkọ̀ náà máa ń yà sí. Ọmọ ìjọ aláṣọ funfun ni wọ́n. Wọn ò kàwé, àmọ́ wọ́n mọ nọ́ńbà dáadáa, nítorí pátákó tí wọ́n máa ń kọ nọ́ńbà orin sí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ń ka orúkọ ìlú fún wọn lọ, mo dé orí Áténì, wọ́n ní kí n dúró ná.

"Ṣé Áténì tí Pọ́ọ̀lù dé nínú Bíbélì?"

Mo ní òun náà ni.

"Bó o bá débẹ̀, bá mi kí ìjọ."

Mo rẹ́rìn-ín. Àwọn ò rẹ́rìn-ín.

Mo ti ń ṣiṣẹ́ fún bí oṣù mẹ́sàn-án nígbà tí a gúnlẹ̀ sí èbúté Áténì láàárọ̀ ọjọ́ kan, tí wọ́n fún mi ní lẹ́tà tó ti ń dúró dè mí níbẹ̀. Àbúrò mi obìnrin ló kọ ọ́. Ó ní àwọn èèyàn kan gbé ìwé wá, wọ́n ní ojú ilé wa ni gọ́tà ńlá kan máa gbà, wọ́n sì fi ọ̀dà pupa fa ìlà méjì kọjá ara wọn sára ilẹ̀kùn àbáwọlé wa. Oṣù méjì ni wọ́n fún wa. "Màámi ní àwọn ò kúrò. Wọ́n ní kí kátápílà wá bá àwọn lórí àga." Mo wo ọjọ́ tó kọ ọ́, ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Inú bí mi débi pé mo fi òòlù lu àtàǹpàkò ara mi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo mọ màámi. Bí wọ́n bá ní àwọn ò kúrò, wọn ò ní kúrò. Ilé tí bàbá mi fi ọwọ́ ara wọn gbẹ́ ló ń lọ yẹn, ẹni tó bí mi ló sì fẹ́ jókòó sínú ẹ̀ kó bá a lọ. Èmi wà lórí omi, mò ń tún ẹsẹ̀ àga ṣe fún ẹni tí kò mọ̀ mí.

Ará Gánà kan tí a jọ ń sùn ní yàrá kan ló fà mí jáde. Wákàtí márùn-ún la ní kí ọkọ̀ tó ṣí. Ó ní jíjókòó tí mo jókòó yìí kò ní gbé ilé kankan dúró, pé àyè méjì ṣófo nínú bọ́ọ̀sì tó ń gbé àwọn àlejò lọ síbi àwókù àtijọ́ lórí òkè. Mo ní kò burú, ó kéré tán, n ó rí nǹkan sọ fún màámi.

A gun òkè yẹn nínú oòrùn. Nígbà tí a débẹ̀, ẹ̀rín pa mí. Òpó òkúta gàgàrà, òrùlé ò sí, ilẹ̀kùn ò sí, òkúta fọ́n káàkiri ilẹ̀. Ahoro gidi ni. Àwọn èèyàn sì gun bàálù, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi, wọ́n wá ń yà á ní fọ́tò. Mo sọ fún ará Gánà pé ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá ti ní kí wọ́n máa bọ̀ ní Okokomáíkò, a ní ahoro tó ṣì gbóná.

Àmọ́ ojú káfíńtà kì í lè gbélé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo bí òkúta ṣe jókòó lórí òkúta. Kò sí síméńtì láàárín wọn. Mo fẹ́ ti èékánná bọ ojú ibi tí méjì ti pàdé, kò wọlé. Mo ń mi orí, mò ń yí po, ni mo bá rí i. Ọ̀dà pupa. Nọ́ńbà kan lára òkúta kan, òmíràn lára èkejì, wọ́n tò ó lọ bẹ́ẹ̀ lára gbogbo òkúta tó wà nílẹ̀ lápá ibẹ̀.

Àyà mi já. Mo ti gbàgbé pé Áténì ni mo wà. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ lu òkúta náà, ni obìnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ bá fọn fèrè mọ́ mi pé mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Mo kọjú sí i.

"Èmi lẹ ń fọn fèrè sí? Ẹ ò fọn ọ́n sí ẹni tó kùn ún lọ́dà? Ìgbà wo ni wọ́n fẹ́ wó o?"

Gbogbo èèyàn dúró. Ará Gánà fa fìlà ẹ̀ bo ojú. Bàbá arúgbó kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fi irin tó fi ń gbẹ́ òkúta sílẹ̀, wọ́n sún mọ́ mi. Wọ́n ti bá ọkọ̀ ojú omi ṣiṣẹ́ rí, wọ́n tiẹ̀ ní àwọn ti dé Àpápá, nítorí náà gẹ̀ẹ́sì tiwọn àti tèmi gbọ́ra wọn yé.

"Wó kí ni?"

Mo nawọ́ sí ọ̀dà náà. Mo ní níbi tí mo ti wá, ilé tí wọ́n bá kọ báyìí, kátápílà ń bọ̀ nìyẹn. Mo ní wọ́n ti kọ ọ́ sí tiwa náà, ìyá mi sì wà nínú ẹ̀.

Bàbá náà ò fi mí rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Níbí, èyí tó ti wó la máa ń kọ ọ́ sí. A kọ ọ́ kí a lè mọ ibi tó máa padà sí." Wọ́n tú ìwé gbọọrọ kan. Gbogbo òkúta tó wà nílẹ̀ ló wà nínú ẹ̀, wọ́n ya ọ̀kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà ara òkúta bá nọ́ńbà inú ìwé mu. Èyí tí mo lù, ààyè ẹ̀ wà lókè lọ́hùn-ún.

Ojú tì mí, inú mi sì dùn lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n bi mí níṣẹ́ tí mò ń ṣe, mo ní káfíńtà. Wọ́n ní àhá, kí n máa bọ̀. Wọ́n mú mi lọ síbi òpó kan tó ti já sí wẹ́wẹ́. Ihò onígun mẹ́rin kan wà láàárín òkúta náà gan-an. Wọ́n ní igi ni àwọn tó kọ́ ọ kì bọ ibẹ̀, pé igi ló so òkúta ìsàlẹ̀ mọ́ tòkè kó má baà yẹ̀, àti pé nígbà tí àwọn ṣí òmíràn, àwọn bá igi náà níbẹ̀ tí kò tíì jẹrà láti ẹgbẹ̀rún ọdún méjì ó lé.

Káfíńtà ló wà nídìí gbogbo ẹ̀! Mo ti ìka bọ inú ihò náà. Ó mọ́ dáadáa, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ẹ̀ dọ́gba, bí èyí tí bàbá mi máa ń dá. Omi bọ́ lójú mi, mi ò sì fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Obìnrin onífèrè wò mí, kò fọn ọ́n. Ará Gánà ya fọ́tò mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta tó ní nọ́ńbà pupa.

Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù nínú ìwé àdéhùn iṣẹ́ mi. Wọ́n ní kí n tún bọwọ́ lu òmíràn, mo ní ó tó. Nígbà tí mo fi dé Okokomáíkò, ó ku ọjọ́ méjìlá. Mo bá màámi lórí àga lẹ́nu ọ̀nà, àmì pupa náà wà lára ilẹ̀kùn lẹ́yìn wọn.

"Ẹ kú ilé, mà."

"Káàbọ̀, ọmọ mi. Ṣé o bá mi kí ìjọ Áténì?"

"Mo kí wọn, mà. Wọ́n ní kí ẹ tú ilé yín ká."

Ọ̀rọ̀ náà ò pa wọ́n lẹ́rìn-ín rárá. Wọ́n ní kí ló wá yà wọ́n sọ́tọ̀, ẹni tó tú ilé ká àti ẹni tó wó o? Wọ́n ní àwọn ò ní bá kátápílà ṣiṣẹ́ ẹ̀. Wọ́n ní bàbá mi ò sí ńlẹ̀, ilé yìí ló kù tí àwọn ń rí wọn nínú ẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, àbúrò mi náà bẹ̀rẹ̀.

Mo mú fọ́tò náà jáde. Mo kúnlẹ̀ síwájú wọn, mo fi òkúta hàn wọ́n, mo fi nọ́ńbà hàn wọ́n, mo sọ ti igi inú òpó. Wọ́n gbé fọ́tò náà sún mọ́jú.

"Ta ló ń gbébẹ̀?"

"Kò sẹ́nì kankan, mà. Ó ti pẹ́ tí kò ti sẹ́ni níbẹ̀."

"Ilé tí kò sẹ́ni nínú ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe báyìí fún?"

"Òun ni, mà."

Wọ́n fi etí ìró nu ojú. "Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran," ni wọ́n wí. "Lọ mú ọ̀dà wá."

Ọ̀dà dúdú tí bàbá mi fi sílẹ̀ ṣì wà nínú agolo ẹ̀. Mo pò ó, mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀, wọ́n gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ mi. Wọ́n lọ sídìí pákó tó sún mọ́ ilẹ̀kùn jù lọ, wọ́n rọra kọ eéjì sí i.

"Màámi, oókan ńkọ́?"

Wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì tọ́ka sí àmì pupa ara ilẹ̀kùn. "Wọ́n ti bá wa bẹ̀rẹ̀. Ti àkọ́kọ́ nìyẹn."

Ọwọ́ wọn ni gbogbo nọ́ńbà yẹn ti wá, pákó, igi àjà, fèrèsé, gbogbo ẹ̀. Èmi ń kọ ọ́ sínú ìwé, àbúrò mi ń gba ìṣó tí mo bá yọ, ìṣó náà ò sì pọ̀. Ibi tí igi ti bọ inú igi, mo kàn ń fi òòlù onígi gbá a díẹ̀díẹ̀, á yọ bí eyín ọmọdé tó ti ń mì. Bàbá mi ti ṣe é sílẹ̀ dè mí. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí ọjọ́ pé nígbà tí a fi ọkọ̀ agbégilódò kó o lọ sórí ilẹ̀ tí mo fi owó iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi rà ní Ìbà. Lọ́jọ́ tí kátápílà dé, màámi fi dandan lé e pé àwọn fẹ́ wà níbẹ̀. Awakọ̀ ẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó yí ìpìlẹ̀ síméńtì po, ó bi wọ́n pé ṣé ẹlòmíràn ti wá wó o ni. Wọ́n ní, "Rárá o. A kó o lọ ni."

Kì í ṣe pé kò sí àṣìṣe. Ní Ìbà, bí mo ṣe ń to pákó, mo dorí ẹẹ́fà kodò, ó di ẹẹ́sàn-án, mo sì kàn án mọ́bẹ̀ láìwo ìwé, nítorí mo gbà pé mo mọ̀ ọ́n. Nígbà tí mo fi mọ̀, òrùlé ti wà lórí ẹ̀, ojú ibẹ̀ sì là tó ọmọ ìka. Màámi ní, "Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ." Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n fi ń fi mí ṣẹ̀sín. Mo ti ègé pákó kan bọ ibẹ̀, ó wà níbẹ̀ dòní.

Ilẹ̀kùn náà ńkọ́? Mo fẹ́ kùn ún, wọn ò gbà. Àmì pupa yẹn kọjú sí títì ní Ìbà fún gbogbo ọdún tí wọ́n tún fi wà láyé. Ní bí oṣù kan lẹ́yìn tí a kó débẹ̀, obìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá sí àdúgbò dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, ó wo ilẹ̀kùn, ó mi orí, àánú wa sì ṣe é.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ìyá. Ìgbà wo ni wọ́n fẹ́ wó o?"

Màámi ń ṣa ẹ̀wà, wọn ò tiẹ̀ gbójú sókè.

"Wọn ò wó o. Nọ́ńbà kìíní nìyẹn."