Ọkọ̀ Tí Wọ́n Gùn Wá Síbi Àdúà

Nígbà tí mo wà ní ọmọdé, fèrè ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ni ìyá mi fi ń mọ àsìkò tó yẹ kó gbé omi ògì kaná. Kí fèrè náà tó ké láàárọ̀, bàbá mi á ti wà lẹ́nu géètì wọn, torí kò fẹ́ kó ká òun mọ́lé. Ọkọ̀ ni wọ́n ń tò níbẹ̀. Àwọn àpótí gìrìwò á dé láti òkè òkun, ẹ́ńjìnnì á wà nínú ọ̀kan, ilẹ̀kùn á wà nínú òmíràn, àwọn bàbá wa á sì tò wọ́n pọ̀ títí wọn yóò fi di ọkọ̀ tó ń rìn. Pátákó irú àpótí bẹ́ẹ̀ ni bàbá mi fi kan bẹ́ẹ̀dì tí èmi àti àwọn àbúrò mi ń sùn lé. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, ẹ̀yin ọmọ iléèwé tẹ́ ẹ ń sun fóòmù ní Tanke tẹ́ ẹ tún ń ráhùn pé ẹ̀yìn ń dùn yín. Orí pátákó yẹn la sùn, oorun náà sì dùn.

Bí wọ́n bá rán wa níṣẹ́ lọ sí àdúgbò Post Office, tí ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ náà sì kọjá, ariwo ni a máa ń pa. Èmi á ní bàbá mi ló de ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ọmọ aládùúgbò wa á ní bí kì í bá ṣe bàbá tòun tó kùn ún, ta ni ì bá wò ó? Ibẹ̀ ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀, nígbà mìíràn a ó tilẹ̀ gbàgbé ohun tí wọ́n ní ká rà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, fèrè náà kò ké. Ìyá mi jókòó ti ààrò, ó ń retí rẹ̀. Oòrùn yọ, kò tíì dáná. Ẹ̀rù bà mí, ẹ̀rù ńlá, nítorí n kò rí ìyá mi rí kó jókòó tẹtẹrẹ bẹ́ẹ̀ láìṣe nǹkan kan. Nígbà tí bàbá mi padà wálé, ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, kò wọlé láti ibi iṣẹ́ rí láìsí gíríìsì ní èékánná rẹ̀. Ó ní àpótí kò dé mọ́, wọ́n ní kí àwọn lọ sílé ná.

Ilé wa wá dákẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá kan ilẹ̀kùn, ìyá mi á rò pé onílé ló wá béèrè owó. Ọmọ aládùúgbò tí a jọ máa ń jà lórí ọkọ̀, àwọn òbí rẹ̀ kó ẹrù wọn, wọ́n padà sí ìlú wọn, n kò sì rí i mọ́ títí di òní. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹrù tiwa náà lálaalẹ́, bóyá wọ́n ti ń dì í.

Ìgbà tó ṣe, ìròyìn dé pé ìjọba fẹ́ ran ilé iṣẹ́ náà lọ́wọ́ kó má baà kú. Ẹ ò bá rí ayọ̀! Níbi tiwa níbí, nǹkan ire kì í bọ̀ kí a má ṣe àdúà pàdé rẹ̀. Wọ́n pa màlúù, wọ́n pe àwọn àáfáà, wọ́n ní kí àwa ará ilé àwọn òṣìṣẹ́ náà wá ṣe àmín. Àwọn èèyàn ńlá ìjọba dé, àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà dé, wọ́n to ọkọ̀ wọn sábẹ́ igi máńgòrò. Ibẹ̀ ni ojú ìyá mi lọ. Ó rọra fẹnu sí etí bàbá mi, ó ní, “Bàbá ọmọ mi, ẹ wo àwọn ọkọ̀ yẹn. Èwo nínú wọn lẹ tò?”

Kò sí ọ̀kan. Òkè òkun ni wọ́n ti to gbogbo wọn tán pátápátá. Bàbá mi kò tilẹ̀ yíjú sí i. Ó ní, “Dákẹ́, jàre. Ṣé o fẹ́ fẹnu ba àdúà jẹ́ ni?” Ẹ sì mọ̀ pé níbi tí àáfáà bá ti tẹ́wọ́, àmín ló kù, kò sí àyè ìbéèrè. Ìyá mi pa ẹnu dé, ó tẹ́wọ́ bí àwọn yòókù.

Fèrè tún ké fún ìgbà díẹ̀. Owó ìjọba wọlé, àwọn ọ̀gá tún ọ́fíìsì ṣe, wọ́n pààrọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n ń gùn, ṣùgbọ́n èyí tí àwọn bàbá wa ń tò kò rí ẹni rà á. Àwọn tó lágbára láti rà á ni àwọn tó gun tòkè òkun wá síbi àdúà. Nígbà tí fèrè tún dákẹ́, ó dákẹ́ nìyẹn. Bàbá mi di ẹni tó ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Bí ọkọ̀ bá kọjá, á tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì rẹ̀.

Àfi bí Ọlọ́hun ṣe wá fún èmi náà ní ọmọbìnrin kan tó lóun ò ní ṣiṣẹ́ mìíràn ju ti ọkọ̀ lọ. Ta ló bí i ná? Ẹ̀jẹ̀ bàbá mi ló wà lára rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tuntun kan wà lẹ́yìn ìlú, ẹ́ńjìnnì ni òun náà ń dè níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tòkunbọ̀ ti gba ìgboro kan, ọkọ̀ tí wọ́n tò dúró sínú ọgbà, kò sẹ́ni tó wá a lọ. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń jiyàn lórí rédíò. Ẹnì kan á ní kí ìjọba gbà wọ́n, torí bí a kò bá ran tiwa lọ́wọ́, ta ni yóò ràn án? Ẹlòmíràn á ní owó mẹ̀kúnnù ni wọ́n tún fẹ́ dà sínú apẹ̀rẹ̀. Èmi ń gbọ́ àwọn méjèèjì, ẹ̀rù àwọn méjèèjì ló ń bà mí. Bí ìjọba kò bá ṣe é, iṣẹ́ ọmọ mi lọ nìyẹn. Bó bá sì ṣe é bí ti ìjọ́sí, yóò pẹ́ díẹ̀ ni, yóò ṣì lọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìròyìn kàn pé ìrànwọ́ ti fẹ́ dé. Kí ni ẹ rò pé wọ́n ṣe? Àdúà ni. Wọ́n tilẹ̀ gbọ́ pé bàbá mi ṣe irú iṣẹ́ yìí láyé àtijọ́, wọ́n ní kí èmi ìyá àgbà wá bá wọn ṣí àdúà náà. Ọmọ mi ti kìlọ̀ fún mi láti ilé: “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kàn ṣàdúà yín ni o. Mánéjà wa ò fẹ́ fìtínà.”

Mo sọ̀kalẹ̀ lẹ́nu géètì, mo wo abẹ́ kánópì tí àwọn èèyàn ńlá páàkì sí. Ọkọ̀ òkè òkun ni gbogbo wọn, bí ti ìjọ́sí. Igi máńgòrò nìkan ni kò sí níbẹ̀. Àwọn ọkọ̀ tí ọmọ mi àti ẹgbẹ́ rẹ̀ tò wà lódìkejì, eruku ti bò wọ́n.

Wọ́n gbé maikirofóònù fún mi, mo dijú. Mo tẹ́wọ́. Mo ní kí Ọlọ́hun dá ẹ̀mí wa sí, wọ́n ní àmín. Mo ní ilé iṣẹ́ yìí ò ní kú, wọ́n ní àmín tó rinlẹ̀. Mo wá ní, “Gbogbo ẹni tó gun ọkọ̀ wá síbí lónìí, tó ní òun fẹ́ gba ilé iṣẹ́ yìí là, Ọlọ́hun má jẹ́ kó gun ọkọ̀ mìíràn mọ́, àfi èyí tí àwọn ọmọ wa bá tò.”

Àwọn òṣìṣẹ́ ké àmín bí ẹni pé òrùlé fẹ́ ṣí. Lápá iwájú, níbi tí àwọn èèyàn ńlá jókòó, n kò gbọ́ nǹkan kan. N kò la ojú. Ẹ̀rù bà mí láti là á.

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ mi. Níbi tí ìyá mi ti ní láti pa ẹnu dé, wọ́n gbé maikirofóònù fún èmi. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí àwọn èèyàn ńlá ń gùn kò tíì yí padà, kò sì sẹ́ni tó lè sọ fún mi bóyá àdúà mi gba iṣẹ́ ọmọ mi là tàbí ó bà á jẹ́. Òun kò bá mi jà. Kò sì tíì sọ ohun tí mánéjà wọn wí.

Lójoojúmọ́, bí ìrọ̀lẹ́ bá ti lẹ́, mo máa ń jókòó sí fàráńdà wa ní àdúgbò Fate, màá tẹ́tí sí kẹ̀kẹ́ tó gbé e dé. Bó bá wọlé, kó tó kúnlẹ̀ kí mi tán, màá ti di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó rò pé ìfẹ́ ni. Gíríìsì ni mò ń wò, bóyá ó ṣì wà ní èékánná rẹ̀.