Aṣọ Àga Bàbá Mi

Nígbà tí wọ́n dá bàbá mi sílẹ̀ ní ọsibítù, rọpárọsẹ̀ ti mú apá ọ̀tún rẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ ń jáde lẹ́nu rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn ìlàkàkà. Nọ́ọ̀sì ní ká wá ibi ìjókòó tó le fún un nílé. Àga gígùn tó wà ní pálọ̀ wọn l'Ayétòrò sì ti rì láàárín. Bí a bá gbé Bàbá síbẹ̀, ńṣe ló máa ń yọ̀ lọ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí àgbọ̀n rẹ̀ á fi kan àyà. Èmi ni àkọ́bí, n kì í sì í lè wo nǹkan tó bàjẹ́ kí n jókòó jẹ́jẹ́. Àìsàn ò gbọ́ tèmi, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé mo lè tún àga ṣe.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo gun ọkọ̀ láti Ìlaròó lọ bá wọn. Ẹni tó ń ta aṣọ àga lọ́dọ̀ wa ti gé díẹ̀díẹ̀ lára ìgàn kọ̀ọ̀kan fún mi, ó so wọ́n pọ̀ bí ìwé. Kútọnu ni wọ́n ti kó o wá, ó ní, bí ẹni pé ìyẹn ti parí gbogbo ìbéèrè. Káfíńtà àdúgbò ti ń dúró dè mí. Ó gbé àga jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fi ọ̀bẹ la aṣọ rẹ̀, ó tú fóòmù tó ti di ìyẹ̀fun dà sílẹ̀. Bàbá wà lórí bẹ́ẹ̀dì tí a tẹ́ fún un ní igun pálọ̀, ó ń wò wá.

Bí àga ṣe kúrò nílẹ̀ báyìí, ìdọ̀tí ògiri hàn, gbogbo ibi tí orí wa ti ń fi òróró pa láti ọjọ́ pípẹ́. Ojú tì mí. Mo pe pẹ́ńtà lórí fóònù pé kó wá kun pálọ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Mo sọ ọ́ sókè dáadáa, bí mo ṣe máa ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù.

Ó wá ku aṣọ. Èmi fẹ́ lẹ́dà nítorí pé ó rọrùn láti nù. Ìdí tí a fi nílò ohun tó rọrùn láti nù, kò sẹ́ni tó sọ ọ́ jáde. Màmá ní lẹ́dà máa ń jóni lára nígbà ooru, àrán ló dáa. Mo ní kí àwọn àbúrò mi dá sí i. Mo dé fìlà fún Bàbá kó lè dùn ún wò lójú wọn, mo to àwọn aṣọ náà sórí itan rẹ̀, mo sì gbé fóònù sókè láti ya fọ́tò ránṣẹ́ sí wọn.

"Bàbá, ẹ wo ibí. Ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀."

Ó wò mí. Omi lé ròrò sójú rẹ̀, ó sì yíjú sí ògiri.

Lọ́sàn-án, Màmá gbé ẹ̀kọ mímu wá. Bàbá pa ẹnu dé. Màmá fi ṣíbí kàn án létè, ó bẹ̀ ẹ́, kò là á. Inú bí mi. "Bàbá, kí la ṣe fún yín? Ẹ sọ̀rọ̀ nígbà náà!" Ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ ni mo ń pariwo lé lórí pé kó sọ̀rọ̀.

Màmá fà mí lọ sẹ́yìnkùlé. "Ṣé o ò rí ohun tó ò ń ṣe ni?"

"Kí ni mo ṣe, Màmá?"

"O gbé àga jáde. O fẹ́ kun ilé. O dé fìlà fún un, o ya fọ́tò rẹ̀. Ìgbà wo ni wọ́n máa ń ṣe gbogbo ìyẹn nílùú yìí?"

Bí àgbà bá kú lọ́dọ̀ wa, mọ́ṣúárì ọsibítù la máa ń gbé e sí ká tó tún ilé ṣe. À ń kun ògiri, à ń rán aṣọ tuntun sára àga, à ń wá fọ́tò tó dáa, kí àlejò tó dé. Bàbá fúnra rẹ̀ ti bú àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí lórí ẹ̀: "Àga tí ẹ ò ṣe fún un láyé, òkú rẹ̀ lẹ wá ṣe é fún." Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun igi, kò lè rí i. Èmi tí mo ti ní ọmọ-ọmọ ni ọmọdé ọ̀hún.

Mo sáré wọlé, mo kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ohun tẹ́ ẹ rò. Ẹ̀yin lẹ máa jókòó lé e." Bí mo ṣe ń ṣàlàyé tó, bẹ́ẹ̀ ló ń dà bí irọ́ lẹ́nu ara mi. Mo pe pẹ́ńtà níṣojú rẹ̀ pé kó má wá mọ́. Bàbá wò mí bí ẹni ń wo olè tí wọ́n ká mọ́ ibi tó ti ń dá ẹrù padà. Igi àga wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ níhòòhò, kò sí bí mo ṣe lè dá aṣọ rẹ̀ padà.

Mo kó àwọn aṣọ náà sábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. "Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ mú èyí tó wù yín."

Ó ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí wọ́n fi tán. Lẹ́yìn náà ó kó gbogbo rẹ̀, ó nà án sí Màmá tó ti tẹ̀ lé mi wọlé, pẹ̀lú ọwọ́ òsì tí kò fi fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan rí.

"Ìwọ... mú."

"Kí ló dé tó fi jẹ́ èmi?"

"Ìwọ... lo máa... jókòó."

Mo retí kí Màmá bá a jiyàn pé àwọn méjèèjì ni. Kò jiyàn. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó fa àrán pupa kan yọ. "Bàbá àwọn ọmọ mi, ṣé eléyìí ò ní tètè ṣá mọ́ mi lọ́wọ́?" Bàbá mirí sí i. Ó fi ìka kan èyí aláwọ̀ ewé. Màmá gbé e sójú ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó ní ó tẹ́ òun lọ́rùn. Ó wá gbé ẹ̀kọ, Bàbá sì la ẹnu fún un.

Èmi ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan kan.