Ọjọ́ Orí Ọmọbìnrin Ìjẹ̀gùn

Ọjọ́ tí ọmọ náà kọ́kọ́ wọ kíláàsì wa ni mo ti ń fura sí i. Píráímárì síìsì la wà, ní ilé-ìwé kan ní Ìkòtún, ó ku tẹ́ẹ̀mù méjì ká jáde. Ta ní í pààrọ̀ ilé-ìwé nírú àsìkò yẹn? Ọ̀nà Ìjẹ̀gùn ló ti ń wá, ẹsẹ̀ ló sì ń fi rìn, ẹrẹ̀ á ti yí i dé orúnkún kí aago tó lù. Ó kúrú, ó tín-ín-rín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kì í ṣe ojú ọmọdé. Bí a bá jáde fún ìsinmi, kì í sáré kiri. Á jókòó sábẹ́ igi mángòrò, á máa wò wá bí ìyá àgbà tó ń ṣọ́ àgbàdo tó sá sóòrùn.

Ká ní kò bá wa ṣe jimináásíìkì ni, bóyá ǹ bá má ka ojú rẹ̀ sí.

Àǹtí tó ń kọ́ wa ní eré ìdárayá ló dá ẹgbẹ́ jimináásíìkì wa sílẹ̀. Ọmọ Èkìtì ni, obìnrin gíga tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Lọ́dún tí wọ́n ṣe Òlíńpíìkì ní Kòríà, nígbà tí a ṣì wà ní píráímárì fọ́ọ̀, ó kó àwa mẹ́fà lọ sílé rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ká lè wo àwọn obìnrin tó ń díje lórí tẹlifíṣọ̀n. Ọmọ Rọ́ṣíà kan àti ọmọ Ròmáníà kan ni wọ́n jọ ń du ipò kìíní. Nígbà tó ku ìfò ìkẹyìn, ọmọ Rọ́ṣíà sáré, ó fò, ó balẹ̀ bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀, wọ́n sì fún un ní mẹ́wàá nínú mẹ́wàá. Ohun tó fi ju ẹnì kejì lọ kò tó èékánná. Àǹtí fò sókè lórí àga, inú wa sì dùn pé àgbàlagbà lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń wá irinṣẹ́ fún wa. Ohun mẹ́rin ni obìnrin ń ṣe nínú eré yẹn. Fún ìfò, ó ní kí káfíńtà kan àpótí gíga kan fún wa. Fún irin méjì tí ọ̀kan ga ju èkejì lọ, páìpù omi ni wọ́n rì mọ́lẹ̀ lẹ́yìn kíláàsì. Pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ń rìn lórí rẹ̀, orí búlọ́ọ̀kù la gbé e lé. Ẹ̀kẹrin, orí ilẹ̀ ni, fóòmù àtijọ́ la sì tẹ́ síbẹ̀. Ẹni tó bá ṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí máàkì rẹ̀ sì pọ̀ jù lápapọ̀ ni ọ̀gá. Àǹtí máa ń sọ pé, “Ẹni tó mọ ọ̀kan ṣe pọ̀ jàre. Ìdíje àpapọ̀ ló ń fi obìnrin hàn.”

Ó ní ìwé kan tó ń kọ ìtàn ìdíje náà sí, a sì máa ń bẹ̀ ẹ́ kó kà á fún wa. Ibẹ̀ la ti gbọ́ pé láyé àtijọ́, àwọn obìnrin tó ti dàgbà, tó ti wà nílé ọkọ, ló ń gba ipò kìíní. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ gbé oyún díje, ó sì borí gbogbo wọn. Ìgbà tó yá ni àwọn ọmọdé dé. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kan láti Ròmáníà ṣe é débi pé wọ́n fún un ní mẹ́wàá, bọ́ọ̀dù ò sì lè kọ mẹ́wàá, torí pé kò sẹ́ni tó rò pé ó lè ṣẹlẹ̀. Oókan ló kọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ọmọ kékeré ni kálukú ń wá. Àwọn aláṣẹ eré náà wá ṣòfin pé ẹni tí kò bá tíì tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kò gbọdọ̀ wá. Lẹ́yìn tí mo ti dàgbà, wọ́n tún sún un sí mẹ́rìndínlógún.

“Àwọn èèyàn ń fura pé àwọn kan ń fi ọdún kún ọdún ọmọ,” Àǹtí sọ lọ́jọ́ kan, ó sì pa ìwé rẹ̀ dé. “Ẹ máa fojú sílẹ̀. Ìwé lè parọ́, ara kì í parọ́.”

Mo di ọ̀rọ̀ yẹn mú bí ẹni di okùn kànga mú.

Tiwa yàtọ̀ sí tiwọn lọ́hùn-ún. Nínú ìdíje àwọn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ agbègbè wa, ẹni tó bá ti ju ọmọ ọdún mọ́kànlá lọ ni kò gbọdọ̀ kópa. Dídín ni wọ́n ń dín ọdún kù níbi tiwa. Ọdún méjì ni mo fi ń ṣe ìkíní ní ilé-ìwé wa, mo sì ti gbà pé kò sẹ́ni tó lè gbà á lọ́wọ́ mi. Ọmọ Ìjẹ̀gùn gun pákó lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó rìn ín lọ, ó rìn ín bọ̀, ó sì ta òkìtì lórí rẹ̀ láìmì.

“Ta ló kọ́ ọ?” Àǹtí bi í.

“Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, mà. Orí afárá igi tó wà lódò wa ni mo ti ń ṣe é.”

Afárá igi kẹ̀! Mi ò gbà á gbọ́. Àwọn yòókù pàtẹ́wọ́. Èmi ò pa.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, màámi rán mi ní ata lọ́jà Ìkòtún. Níbi tí mo ti ń wá ẹni tí ata rẹ̀ pọ́n dáadáa, mo rí ọmọ Ìjẹ̀gùn níwájú. Ó pọn ọmọ. Ọmọkùnrin ni, yóò ti tó ọdún kan àtààbọ̀. Ọmọ náà gbá a lẹ́yìn, ó ní, “Màámi, omi.”

“Ó yá, a ti ń lọlé, ọkọ mi,” ọmọ Ìjẹ̀gùn dá a lóhùn.

Mo sá sẹ́yìn àpò gààrí. Ojú tó gbó, pé kì í bá wa ṣeré, bó ṣe máa ń tètè lọlé, bó ṣe pààrọ̀ ilé-ìwé láìnídìí: gbogbo rẹ̀ wá bára mu. Ó ti bímọ. Wọ́n lé e kúrò níbi tó wà ni. Obìnrin tó gbé oyún díje nínú ìwé Àǹtí wá sí mi lọ́kàn, mo sì sọ fún ara mi pé, ṣé o rí i, kì í ṣohun tuntun.

Lọ́jọ́ kejì, mo sọ ọ́ fún ọmọbìnrin kan tí a jọ ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìdímù. Ilé-ìwé kan ní Ẹgbẹ́dá lòun ń lọ, òun náà sì máa díje.

“Má sọ fẹ́nì kankan o,” mo ní. “Ọmọ Ìjẹ̀gùn tí wọ́n fẹ́ mú wá láti ilé-ìwé wa, ó ti bímọ.”

Ó yanu. Mo mọ̀ pé yóò sọ. Ìdí tí mo fi sọ ọ́ fún un nìyẹn.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan, Àǹtí rán mi lọ gba fáìlì ìdíje, tí ìwé ọjọ́ orí wa wà nínú rẹ̀, lọ́dọ̀ ọ̀gá àgbà. Mo yà sẹ́yìn kíláàsì, mo ṣí i. Ti ọmọ Ìjẹ̀gùn ni mo ń wá. Káàdì ọsibítù ni, ó ti gbó, wọ́n ti fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́. Mo gbé e sókè sí oòrùn láti wò ó bóyá wọ́n pa nǹkan rẹ́ lára rẹ̀. Wọn ò pa nǹkan kan rẹ́. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni. Mo ṣì ń sọ lọ́kàn mi pé ayédèrú ni nígbà tí mo rí tèmi lábẹ́ rẹ̀. Ìwé kóòtù ni, òǹtẹ̀ pupa wà lára rẹ̀. Bàbá mi ló búra níbẹ̀ pé ọdún tí àwọn sọ́jà gbé ìjọba fún alágbádá ni wọ́n bí mi.

Ilé wa kì í ṣọjọ́ ìbí. Iye ọdún tí bàbá mi bá pè lèmi náà máa ń pè. Ṣùgbọ́n ohun tí màámi máa ń sọ bó bá ń dì mí nírun ni pé, “Ọdún Fẹ́sítáàkì ni mo pọ̀n ọ́ wọ Èkó, o ò tíì lè jókòó.” A sì ti kọ́ ọ ní kíláàsì pé Fẹ́sítáàkì, àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀dúdú tí wọ́n ṣe ní Èkó, fi ọdún méjì ṣáájú ọdún alágbádá. Mo fi ìka kà á, mo tún un kà. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí.

Akọ̀wé ìjọba ni bàbá mi, ọmọ Oǹdó. Ìwé ìròyìn ló ń kà nígbà tí mo bá a ní pálọ̀ ní ìrọ̀lẹ́.

“Dádì, ọdún wo lẹ bí mi?”

Kò gbójú sókè. “Ta ló ní kó o bèèrè?”

“Kò sẹ́ni tó ní kí n bèèrè, sà.”

“Kí ló wá dé tó o fi ń bèèrè?” Ó wá wò mí, ó wo ilẹ̀kùn ilé ìdáná níbi tí màámi wà, ó tún wò mí. “O ṣàìsàn nígbà tó o wà ní kékeré, o pẹ́ kó o tó wọ ilé-ìwé. Ọjọ́ orí tó wà nínú ìwé ni ìjọba mọ̀. Òun náà sì ni ìwọ mọ̀. Ṣé o gbọ́?”

“Mo gbọ́, sà.”

Ó yẹ kí n wá ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì yẹn lọ, kí n sọ fún un pé mi ò mọ ohun tí mò ń wí. Mi ò lọ.

Pápá ilé-ìwé kan ní Ẹgbẹ́dá ni wọ́n ti ṣe ìdíje náà. Nígbà tí a ṣe mẹ́ta tán, ọmọ Ìjẹ̀gùn ló wà níwájú, èmi ni mo tẹ̀lé e. Ó ku ti orí ilẹ̀. Bí wọ́n ṣe fẹ́ pè é, tíṣà ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì wa dìde, ó lọ bá àwọn adájọ́, ó sì ń bá wọn sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Wọ́n pe ọmọ Ìjẹ̀gùn.

“Lanu,” obìnrin kan nínú àwọn adájọ́ wí.

Ó lanu. Wọ́n ka eyín rẹ̀ níwájú gbogbo wa, bí ìgbà tí wọ́n fẹ́ ra àgbò. Àǹtí sáré dé, ó na káàdì ọsibítù sí wọn.

“Ta ni kò lè ṣe irú èyí jáde?” adájọ́ náà bi í. “Ìwé kóòtù dà? Òǹtẹ̀ dà?” Ó wá kọjú sí ọmọ náà. “Ṣé òótọ́ ni pé o ní ọmọ nílé?”

Ọmọ Ìjẹ̀gùn wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú rẹ̀ dúró lára mi.

“Mò ń tọ́ ọmọ kan,” ó dáhùn.

“Ta ni bàbá ẹ̀?”

Kò sunkún. Ó kó bàtà rẹ̀, ó lọ jókòó sídìí ògiri. Wọ́n fagi lé orúkọ rẹ̀. Tèmi, wọn ò tilẹ̀ yẹ ìwé rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì, òǹtẹ̀ ti wà lára rẹ̀. Mo ṣe ti orí ilẹ̀, wọ́n sì gbé ife fún mi.

Àárọ̀ Mọ́ńdè ni mo lọ bá Àǹtí, mo sọ gbogbo rẹ̀: ohun tí mo rí lọ́jà, ẹni tí mo sọ ọ́ fún, ọdún Fẹ́sítáàkì. Mo rò pé yóò lù mí. Kò lù mí. Kò gbà mí gbọ́ ni.

“Ta ló rán ọ?” ó bi mí. “Ṣé àwọn ará ilé ẹ̀ ló wá bá yín? Àbí o fẹ́ ká máa pè ọ́ ní aláàánú?”

“Rárá, mà.”

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ní kí n tún un sọ, ó ń wá ibi tí irọ́ wà. Lẹ́yìn ẹ̀kẹta ló tó jókòó. “Èmi ni mo kọ́ yín ní ìfura,” ó wí, kò sì jọ pé èmi ló ń bá sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ kejì la lọ sí Ìjẹ̀gùn. A gba orí odò kékeré kan kọjá. Afárá ibẹ̀, pákó kan ṣoṣo ni, kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹsẹ̀ lọ, Àǹtí sì di èjìká mi mú títí a fi dé òdìkejì. Ìyá àgbà ọmọ náà ń bẹ gbágùúdá níwájú ilé. Nígbà tí Àǹtí bèèrè ọ̀rọ̀ ọmọ tí ọmọ náà ń pọ̀n, obìnrin náà gbé ọ̀bẹ kalẹ̀.

“Ìyá wọn ló bí i,” ó ní. “Ọmọ mi nìyẹn. Ọjọ́ keje tó bímọ ló kú. Ìgándò ni wọ́n wà, lọ́dọ̀ bàbá wọn. Nígbà tó fẹ́ ìyàwó mìíràn, ó kó wọn wá bá mi. Ẹ̀gbọ́n yìí nìkan ló mọ̀ látìgbà tó ti lajú. Kí lẹ fẹ́ kó máa pè é, Tíṣà?”

Ọmọ Ìjẹ̀gùn jáde láti inú ilé, àbúrò rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀.

“Ṣé ìwọ lo sọ fún wọn?” ó bi mí.

“Èmi ni. Jọ̀ọ́, má bínú.”

“Mo ti mọ̀. Mo rí ọ lọ́jà lẹ́yìn àpò gààrí. Kí ló dé tó ò bi mí?”

Àǹtí ló sọ̀rọ̀. “Ìwọ náà, kí ló dé tó ò ṣàlàyé fún wọn?”

“Wọ́n ti ka eyín mi tán kí wọ́n tó bi mí, mà.”

Àǹtí kọ̀wé sí àwọn adájọ́, ó sì dá ife padà. Wọn ò fún ọmọ Ìjẹ̀gùn, wọ́n ní kò ṣe ẹ̀kẹrin. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì wa ni wọ́n gbé e fún. Bàbá mi ò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Màámi ló fura sí pé ó tú àṣírí náà, ó sì ń bá a jà lórí ohun tí kò mọ̀dí. Mo bẹ̀ ẹ́ títí pé Fẹ́sítáàkì ni mo fi ṣírò rẹ̀. Kò gbà á gbọ́.

Ọmọ Ìjẹ̀gùn padà sẹ́nu jimináásíìkì. Àǹtí ní kó máa gbé àbúrò rẹ̀ dání, ọmọ náà á sì sùn lórí fóòmù. Bí ẹnikẹ́ni bá gun irin gíga, ẹlòmíràn gbọdọ̀ dúró nísàlẹ̀ láti gbá a mú bó bá já bọ́. Bó bá kan èmi láti dúró fún ọmọ Ìjẹ̀gùn, á ní, “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dúró.” Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe jálẹ̀ tẹ́ẹ̀mù.

Lọ́jọ́ kan, nígbà tó kù díẹ̀ ká ṣe ìdánwò àṣejáde, Àǹtí ò wá, àwa méjì nìkan la sì wà lẹ́yìn kíláàsì. Ó gun irin. Ó rọ̀ síbẹ̀, ó wo ilẹ̀, ó wò mí.

“Bí mo bá já bọ́, ṣé wàá gbá mi mú?”

“Màá gbá ọ mú.”

Ó pẹ́ níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti ń rẹ̀ ẹ́, mo rí i bó ṣe ń wá nǹkan lójú mi. Ó sọ̀kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ó gbọn eruku ọwọ́ rẹ̀ dànù.

“Ó dọ̀la,” ó ní, “bí Àǹtí bá dé.”