Ẹnu Wúràọlá Nọ́ọ̀sì

Láyé ìjọba sójà, tí ọkọ wa ń wa ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó òkúta yurenióọ̀mù ní Arlit, nínú aṣálẹ̀ orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ń sọ Faransé, Wúràọlá ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni nọ́ọ̀sì wa ní Poudrière, àdúgbò wa ní olú ìlú ibẹ̀. Orogún mi, Kúbúrátù, ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ lemọ́lemọ́, owú ò sì jẹ́ kí n lè jẹun. Mo lọ bá Wúràọlá.

"Ọmọ ìlú kan náà ni wá. Ṣé Kúbúrátù ti lóyún?"

Ó ń se abẹ́rẹ́ lórí iná, kò wojú mi. "Ẹ bi í, ẹ̀gbọ́n."

Mo ní ilé ìwé Faransé ti ba òun Wúràọlá jẹ́.

Ó ní, "Bí Kúbúrátù náà bá wá bèèrè tiyín ńkọ́?"

Ọkọ wa pàápàá kò mọ̀ pé mò ń gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí n lè lóyún. Mo gbé owú mi, mo lọ sílé.